Èló Ni Àna Ń Gbà?

Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náírà ni ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Sango-Ọ̀tà sọ pé Bàbá Àmọ̀dá jẹ òun. Bàbá ọ̀hún kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Kò wa ọkọ̀ rí. Kò ra páálí ọṣẹ kan lọ́wọ́ wọn, kò sì yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Orí àga rọ́bà rẹ̀ ló jókòó sí jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú ilé rẹ̀ ní Ìyànà Iyesi, tí gbèsè fi wọ mọ́tò wá bá a. Gbèsè tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ jẹ, ìyẹn yé gbogbo ayé. Èyí tó bá wá ènìyàn wá sílé, ó yẹ kí a bi í ní orírun rẹ̀.

Orírun rẹ̀ ni Mùsílíù, ọkọ ọmọ bàbá náà.

Awakọ̀ tírélà ni Mùsílíù. Láti Ìwó ló ti wá sí Ọ̀tà ní ọ̀dọ́kùnrin. Ó fi èjìká ru àpò sìmẹ́ńtì fún ìgbà díẹ̀, kó tó rí i pé ẹni tó jókòó nídìí sítíárì ń gba owó ju ẹni tó ń ru ẹrù lọ, kì í sì í làágùn tó o. Ó ga, ó sanra, ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kéré. Tó bá ń bẹ ọlọ́pàá lójú títì, wàá rò pé ọmọ ilé-ìwé ló ń tọrọ àyè kó lọ tọ̀.

Nígbà tó fẹ́ fẹ́ Mọ̀nsúrát, bàbá ọmọ kò kọ́kọ́ gbà. Àwórì Ọ̀tà pọ́ńbélé ni Bàbá Àmọ̀dá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí baba ńlá rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbé ẹ̀rọ dé ìlú. Ó ní òun kò ní ohun kan sí ará Ìwó. Awakọ̀ ni òun ní nǹkan sí.

"Awakọ̀ dà bí afẹ́fẹ́," ni bàbá wí níwájú ẹbí méjèèjì. "O gbọ́ vúù, ó ti kọjá. Iwájú ilé mi gan-an ni títì wà. Eruku ni wàá máa fi kí mi lójoojúmọ́."

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ tí mo bá gba iwájú ilé yín kọjá tí n kò sọ̀kalẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ kí yín, kí ẹ wá mú ọmọ yín lọ."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu, ọjọ́ tí wọ́n bá ń san án ló máa ń wọ́n. Ọmọ mẹ́rin ni Mọ̀nsúrát ti bí báyìí, Ìsmáílà tí í ṣe àkọ́bí wọn sì ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, Mùsílíù kò sì yẹ àdéhùn náà rí. Ìgbàkígbà tó bá gbé ọṣẹ láti Sango lọ sí Owódé, tó bá ti dé Ìyànà Iyesi, á rọra ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, á sọ̀kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, á gba àdúrà, á padà sídìí ọkọ̀. Àwọn onímótò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa fọn fèrè, wọ́n á máa bú u. Bàbá Àmọ̀dá á gbé ọwọ́ sókè dá wọn lóhùn, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń kí.

Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ fi so ẹ̀rọ mọ́ gbogbo ọkọ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà tó wàláà ọmọ ilé-kéú, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, ó ń tàn yanranyanran. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, ó mọ bó ṣe ń sáré tó, ó mọ ìgbà tí awakọ̀ fi ìbínú tẹ bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tí kò sí nínú àwòrán ọ̀nà rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí, pí, pí, kò sì ní dákẹ́ àfi tí awakọ̀ bá tẹ èsì sí i. Olófòófó ni àwọn awakọ̀ sọ ọ́. Iye tí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan tó owó táyà mẹ́rin, táyà mẹ́rin sì wà lábẹ́ ọkọ̀ Mùsílíù tó ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fẹ̀yìn tì.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwayẹ́misí ló jókòó sí ọ́fíìsì ní Sango, tó ń wo gbogbo ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹ̀rọ. Kọntíróòlù ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àgbà kó má kọ́kọ́ kí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, kò mọ èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà, lẹ́tà gàdàgbà nìkan ló ń jáde lójú rẹ̀: E KAARO SA. Mùsílíù á wò ó, á mi orí.

"Ọmọ dáadáa ni," á wí. "Ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù láàárọ̀."

Òfin Olófòófó kò gùn. Ẹni tó bá dúró láìgbàṣẹ, wọ́n á yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà nínú owó rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí Mùsílíù fi dé ẹ̀ẹ̀kẹfà, gbogbo rẹ̀ ní Ìyànà Iyesi, gbogbo rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ó kọ́kọ́ dá ọgbọ́n. Ó rò ó pé ẹ̀rọ kò lè ké bí ọkọ̀ kò bá dúró tán. Lọ́jọ́ kan, ó mú tírélà rìn bí ìgbín, ó yọ orí àti èjìká síta lójú fèrèsé, ó kígbe débi tí ohùn rẹ̀ gbé e dé:

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o! Mo dọ̀bálẹ̀ o!"

Olófòófó kò ké. Bàbá Àmọ̀dá náà kò dáhùn. Ó dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, ó tún jókòó.

Kí Mùsílíù tó délé lọ́jọ́ náà, foonù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Mọ̀nsúrát dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ńlá kan.

"Kí ni báàgì yìí?"

"Ẹrù mi ni. Bàbá mi ní ẹ kí àwọn lójú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ ra àgbàdo sísè. Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ dọ̀bálẹ̀. Bàbá Ìsmáílà, orí sítíárì lẹ dọ̀bálẹ̀ sí?"

"Wọ́n fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ni. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ni mo wà báyìí."

"Ta lẹ kọ́kọ́ bá ṣe àdéhùn, bàbá mi àbí ẹ̀rọ?"

"Bàbá rẹ ni."

"Ó parí."

Ó gbé báàgì padà sínú yàrá. Nígbà tí Mùsílíù yẹ̀ ẹ́ wò, ìrọ̀rí méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ìrọ̀rí méjì náà ń sọ yé e yékéyéké.

Ọgbọ́n ti tán, ó ku òótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá yí àga padà, ó kọjú sí títì, ó sì ṣàdúrà bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Mùsílíù padà sínú ọkọ̀, Olófòófó ti ń ké. Ó ní kí ó mú ọ̀kan nínú èsì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un: ọ̀nà dí, ọlọ́pàá, epo, ọkọ̀ bàjẹ́, òmíràn. Mùsílíù wá àna títí nínú wọn, kò rí i. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí, ó dájú pé kò tíì gbéyàwó. Ó tẹ òmíràn, ó fi ìka ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wá lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀:

ANA.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé láti ọ́fíìsì: E JOWO SA, TONI NI MO N BEERE.

Àná ni Yẹ́misí kà, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú òní. Mùsílíù ní tirẹ̀ rò pé ọmọ náà fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti kí àna òun lónìí ni. Ọ̀rọ̀ náà wú u lórí. Ó tẹ̀ ẹ́ padà: TONI NAA ANA NI.

Yẹ́misí fọwọ́ nu ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. TOLA NKO SA?

TOLA ANA NI. LOJOOJUMO ANA NI.

"Bàbá Ìsmáílà kò sùn dáadáa," ni Yẹ́misí sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ó kọ ANA sínú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà bó ṣe rí i, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Ọ̀gá náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ẹ̀ka ìṣírò owó ní Èkó. Ó fẹ́ kí gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde sọ ibi tó ń lọ, ìyẹn sì dára. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ìròyìn títì Ìdí-Ìrókò, tí àwọn ọkọ̀ wọn ń gbà lọ sí Owódé, kún un létí kó tó dé. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan, tó mú pákó oníṣòó lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, owó sì ni ìtumọ̀ gbogbo lẹ́tà náà.

"Yẹ́misí, kí ni èyí?" Ó pè é ní lẹ́tà lẹ́tà: "Ée. Ẹ́ẹ̀nì. Ée."

"N ò mọ̀, sà. Wọ́n ní lójoojúmọ́ ni."

"Lójoojúmọ́! Níbo?"

"Ìyànà Iyesi, sà. Ojú kan náà."

"Wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ nìyẹn." Ṣóbándé fọwọ́ lérán. "A yẹn á jẹ́ Àjọ. N yẹn, Nàìjíríà. A tó gbẹ̀yìn yìí ni kò yé mi."

"Agbowó, sà?"

Ẹ̀fẹ̀ ni Yẹ́misí ń ṣe. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

"Àjọ Nàìjíríà Agbowó. O ò rí i? Bá mi béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìdí ẹrù ní Owódé ni iṣẹ́ náà bá Mùsílíù: ELO NI ANA N GBA?

Ó kà á, ó tún un kà. Ó pe Kàsúmù, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé ọkọ̀ sẹ́yìn tirẹ̀, pé kó wá bá òun wò ó.

"Èló ni àna ń gbà?" ni Kàsúmù kà síta. "Kí ló kan ọ́fíìsì nínú ìyẹn?"

"Ohun tí mo ń rò náà nìyẹn."

"Bóyá wọ́n fẹ́ bá ọ dá sí i."

"Kàsúmù, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Dá wọn lóhùn ná. Ẹni tó ń sanwó fúnni kì í bi ni léèrè ká dákẹ́."

Mùsílíù kò fẹ́ parọ́. Bàbá kì í tọrọ, bí owó bá sì wà lọ́wọ́ òun, òun máa ń rọra ki ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ fún ẹran ọbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀: WON KI I BEERE. 1500 NI MO N FUN WON.

Nígbà tí Ṣóbándé kà á, ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Wọn kì í béèrè? Yẹ́misí, irú wọn ló burú jù. Ẹni tó bá béèrè, èèyàn lè bá a ná an. Ẹni tí kò béèrè tí wọ́n sì ń fún, ó ní ohun tó gbójú lé."

Ó ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá dá tírélà kan dúró fún odindi ọjọ́, ohun tí ilé-iṣẹ́ máa pàdánù ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lọ fíìfíì. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n dá owó tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ Mùsílíù padà fún un, kí wọ́n sì máa fi owó ANA kún owó ọ̀nà rẹ̀.

ANA 1500. OGA TI FOWO SI I. E MAA SAN AN FUN WON, E SI BA WA KI WON.

Kíkí tó wà lópin yẹn, Yẹ́misí ló fi kún un, nítorí wọn kì í bínú sí agbowó. Òun gan-an ló mú omi bọ́ lójú Mùsílíù. Ó yọ fìlà lórí.

"Látìgbà tí mo ti ń wakọ̀," ó sọ fún Mọ̀nsúrát nílé, "n kò rí ilé-iṣẹ́ tó mọ iyì àna bí èyí."

"Wọ́n ti gbọ́ nípa ìrọ̀rí mi," ni Mọ̀nsúrát dáhùn.

Mùsílíù kò fi kọ́bọ̀ kan sápò nínú owó náà. Gbogbo ìgbà tó bá dúró, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e fún bàbá.

"Bàbá, ọ́fíìsì ní kí n kí yín."

"Àwọn wo ní ọ́fíìsì?"

"Ọ̀gá wa tuntun ni. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé."

"Ọmọ Ẹ̀gbá?"

"Ọmọ Ẹ̀gbá ni, bàbá."

"Ẹ̀gbá mọ àna," ni Bàbá Àmọ̀dá wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi orúkọ Ṣóbándé sínú àdúrà, pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó rí ìjà ọkọ̀, kí ọmọ rẹ̀ náà rí ẹni tó mọ àna fẹ́. Ó fi owó ra àga tuntun, ó ra agbòjò ńlá aláwọ̀ pupa àti ewé, ó ra tábìlì kékeré tó ń gbé rédíò rẹ̀ lé. Tí ènìyàn bá ń bọ̀ láti òkèèrè tó rí i lábẹ́ agbòjò náà létí títì, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó máa wá owó lápò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dẹrù ni ti Kàsúmù. Ó ti rí i lójú ara rẹ̀ pé ọ́fíìsì ń sanwó fún àna. Ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ìyàwó mẹ́ta ló ní. Kí oṣù tó parí, ANA ti yọ ní Joju, ó yọ ní Àtàn, ó sì yọ ní Ìjókò tí kò sí lójú ọ̀nà Owódé rárá.

"Wọ́n ti ń ṣí ẹ̀ka!" ni Ṣóbándé kígbe. "Mẹ́rin ní oṣù kan! Ilé ìfowópamọ́ pàápàá kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìyànà Iyesi nìkan, a ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, a kò rí rìsíìtì kan ṣoṣo. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ, Yẹ́misí. À ń lọ bá wọn."

Bí mọ́tò ọ́fíìsì ṣe yọ sí Ìyànà Iyesi, Ṣóbándé nàka.

"Wò ó! Wọ́n ti gbé agbòjò sókè."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún ṣòkòtò funfun rẹ̀ ṣe, ó lọ bá bàbá nídìí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lọ́wọ́ awakọ̀ wa?"

Ojú Bàbá Àmọ̀dá là. "Èmi ni o."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ìyá wọn ti kú. Èmi nìkan ló kù."

Ṣóbándé wo Yẹ́misí. Yẹ́misí wo ilẹ̀.

"Bàbá, ta ló fún yín láṣẹ?"

"Àṣẹ wo? Ṣebí èmi ni mo bí i."

"Ẹ bí kí ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ìwọ gan-an, tó ò ń bi mí ní ìbéèrè lójú oòrùn?"

"Ṣóbándé ni orúkọ mi. Èmi ni ọ̀gá ní—"

Bàbá dìde kúrò lórí àga. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ṣóbándé! Ọmọ Ẹ̀gbá! Àna mi àtàtà!"

Kí Ṣóbándé tó sá, bàbá ti dì mọ́ ọn. Yẹ́misí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lórí, kọ̀ǹpútà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "àna ni, sà. Kì í ṣe lẹ́tà. Kì í sì í ṣe àná. Bàbá ìyàwó wọn ni."

Ìgbà náà gan-an ni tírélà Mùsílíù yọ láti ọ̀nà Ọ̀tà. Ó rí agbòjò, ó rí ọ̀gá nínú ìdìmọ́ni, ó rí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun rere tó ń gbé ọ́fíìsì wá sí etí títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiyèméjì lórí bíréèkì. Bó bá kọjá lọ, ọ̀gá á rí i pé iṣẹ́ ló gbájú mọ́, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kọjá lọ, bàbá náà á rí i.

Ó tẹ bíréèkì. Ó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Àmọ̀dá. Láti ilẹ̀ ló ti yí orí díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kí àna mi tán."

Nínú ọkọ̀, Olófòófó ń ké pí, pí, pí. Lọ́wọ́ Yẹ́misí, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ọkọ̀ kan dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán fún Ṣóbándé, ó nu ojú, ó ní ó dára, ó ti gbọ́. Ṣùgbọ́n owó ilé-iṣẹ́ ni, ó ní láti padà sílé.

"Owó wo?" ni Bàbá Àmọ̀dá bi í. "Owó tí wọ́n bá fún àna kì í padà, àfi tí ìyàwó bá kọ ọkọ. Mùsílíù, Mọ̀nsúrát kọ ọ́?"

"Rárá o, bàbá."

"Kò kọ ọ́. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, èwo wá ni tiyín? Àbí ẹ fẹ́ kọ̀ wá ni? Owó ta ni mo ti ń gbà láti ọjọ́ yìí? Owó ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá ń sanwó fún àna ti di ọkọ nìyẹn." Ó wo Ṣóbándé láti òkè délẹ̀. "Tí mo bá sì wò ó, ìwọ kò tíì dọ̀bálẹ̀ látìgbà tó o ti dé."

Ṣóbándé wo ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó wo eruku. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ̀gbá kì í fọwọ́ kanlẹ̀ kí àna," ni bàbá wí.

Ṣóbándé dọ̀bálẹ̀. Yẹ́misí ti kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà bojú kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Àwọn onímótò tó wà lẹ́yìn tírélà ń fọn fèrè, bàbá sì gbé ọwọ́ sókè dá wọn lóhùn.

Nígbà tó dìde, Ṣóbándé kò gbọn eruku ara rẹ̀. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sún mọ́ bàbá, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ àna yé mi. Mo láya, mo lána. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ sí owó yẹn. Bí kò bá padà, Mùsílíù ni wọ́n á ní ó gbà á. Wọ́n á kà á sí i lọ́rùn, wọ́n á sì gba ọkọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Àmọ̀dá. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀, tí eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ pé ọkọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì dúró. Bàbá pa rédíò.

"Wọn kì í torí owó tí mo jẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ọmọ mi. Ẹ kà á sí mi lọ́rùn. Èmi ni mo jẹ ẹ́, èmi ni mo máa san án."

"Bàbá!" ni Mùsílíù ké.

"Dákẹ́, àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀. Ṣóbándé, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé Sango mọ́. Ti kí wọ́n máa fi foonù fi owó ránṣẹ́, n kò mọ̀ ọ́n. Mùsílíù ni kó máa bá yín gbà á. Nígbàkígbà tó bá ń kọjá, kó dúró, kó sọ̀kalẹ̀, kó gba owó yín."

Ìyẹn tẹ́ Ṣóbándé lọ́rùn. Gbèsè ti lórúkọ, ó ti lónígbọ̀wọ́, ó sì ti lẹ́ni tí á máa gbà á. Ó ní kí Yẹ́misí fi Ìyànà Iyesi sínú àwòrán ọ̀nà níbẹ̀ níbẹ̀, pé ibi tí awakọ̀ ti ń gba owó ilé-iṣẹ́ ni, kí Olófòófó má ké síbẹ̀ mọ́.

"Èló lẹ máa lè san lẹ́ẹ̀kan, bàbá?"

"Igba náírà."

Yẹ́misí ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bàbá Àmọ̀dá wò ó, ó ṣẹ́jú kan sí i, Yẹ́misí sì pa ẹnu dé.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Ti Kàsúmù, ọ́fíìsì ní ìyàwó mẹ́ta kò sí nínú àdéhùn iṣẹ́, kí ó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kí àwọn àna rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí tírélà ń jó láti dúró ní Ìyànà Iyesi kó tó tún gbéra ju igba náírà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Ṣóbándé kò tíì ṣírò ìyẹn, Yẹ́misí kò sì rán an létí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òjò mú kí Mùsílíù pẹ́, ó sì rò ó pé bóyá bàbá kò ní í jókòó síta. Ó ń kọjá lọ. Kò tíì kọjá agbòjò tán tí Olófòófó fi bú sí igbe: E KU OJO SA. KI LO DE TI E KO DURO? ANA N RETI YIN.

Ó sáré ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó sáré dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bàbá Àmọ̀dá wà lábẹ́ agbòjò rẹ̀, aṣọ òtútù ló wọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọgọ́rùn-ún náírà kan.

"Ìdajì ni mo rí lónìí. Ìdajì tó kù dọ̀la."

"Bàbá, bí ẹ bá ń san án báyìí, gbèsè yìí kò ní tán láéláé."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kó tán?" ni bàbá wí. "Ìwọ sáà dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lo fi kanlẹ̀ yẹn."